Ìgbà Àkọ́kọ́ Kan Ṣoṣo Ni Fíìmù Ní

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn ọ̀dọ́ onífíìmù ilẹ̀ Ọ̀kun, ní Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogi

Ẹ̀yin àgbà wa tó wà níjòókòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ti Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀, Ìyàrà, Ògìdì àti Lọ́kọ́ja wá, mo kí gbogbo ilé. Ọ̀kun o! Inú mi dùn pé gbọ̀ngàn yìí kún tó báyìí. Àwọn tó pè mí sọ fún mi pé àwọn ọmọ wa ti ń ṣe fíìmù, wọn ò kàn mọ ibi tí wọ́n máa gbé e gbà ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo mọ ohun tó ń náni kéèyàn tó ṣe fíìmù níbí: epo jẹnẹrétọ̀, oúnjẹ àwọn òṣèré, owó ọkọ̀ láti Kàbà wọ inú Bùnú, ọjọ́ tí òjò bá da gbogbo ètò rú. Kéèyàn jìyà gbogbo ìyẹn tán, kí fíìmù wá lọ sùn sínú hard drive, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo fíìmù ló ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ní in. Ibi tí ẹ bá ti kọ́kọ́ fi í han ayé, kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ara yín ṣe fíìmù, tí ẹ ò ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn, tí orúkọ yín ò tíì jáde, ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ni ohun tó níye lórí jù lọ́wọ́ yín lójú àwọn àjọ̀dún ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń fi í tọrẹ láìmọ̀.

Kí n kọ́kọ́ la nǹkan kan yé wa. Àjọ̀dún fíìmù yàtọ̀ sí ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ. AMAA (Africa Movie Academy Awards) tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005 àti AMVCA (Africa Magic Viewers' Choice Awards), iṣẹ́ tó ti jáde ni wọ́n ń wò, wọ́n á wá sọ ẹni tó ṣe dáadáa jù. Ní àjọ̀dún fíìmù, wíwò gan-an ni iṣẹ́. Wọ́n á gba gbọ̀ngàn, wọ́n á pa iná, wọ́n á fi fíìmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì rí rí han àwọn tó fẹ́ rà á, àwọn oníròyìn, àwọn tó ń fúnni lówó ìrànwọ́, àwọn tó ń ṣa fíìmù fún àjọ̀dún mìíràn, àti àwọn ará ìlú tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ife-ẹ̀yẹ lè wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe torí ife ni gbogbo wọn ṣe pé jọ. Ẹni tó bá torí ife nìkan lọ lè gba ife bọ̀ kó sì tún wálé lọ́wọ́ òfo.

Venice ni àgbà wọn, ọdún 1932 ló bẹ̀rẹ̀. Cannes nílẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 1946, ti Berlin ní 1951. Nílẹ̀ Áfíríkà tiwa, àjọ̀dún FESPACO ti wà ní Ouagadougou, ní Burkina Faso, láti 1969. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń ṣe é, ère ẹṣin wúrà Yennenga sì ni ẹ̀bùn rẹ̀ tó ga jù. Newton Aduaka, ọmọ Nàìjíríà, fi fíìmù Ezra gba ẹṣin wúrà náà ní 2007. Durban ní South Africa ti ń ṣe tirẹ̀ láti 1979. Nílé níbí, àjọ̀dún fíìmù àgbáyé ti Abuja bẹ̀rẹ̀ ní 2004, Nigerian Film Corporation ń ṣe àjọ̀dún Zuma, AFRIFF (Africa International Film Festival) bẹ̀rẹ̀ ní 2010, oṣù Kọkànlá ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é l'Ékòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíìmù ìtàn gidi, tí kì í ṣe eré, iREP ní Èkó ni kí ẹ wò. Àwọn ọ̀dọ́ tó dá S16 sílẹ̀ ní 2021 ń wá fíìmù tó ya ọ̀nà tirẹ̀, tí kò fara jọ ohun tí gbogbo ayé ń ṣe. Ẹ wo Abuja nínú gbogbo ìwọ̀nyí: ẹni tó bá jáde ní Kàbà láàárọ̀, tó gba Ọbájánà àti Lọ́kọ́ja, á débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ lọ wo àjọ̀dún kan bí òǹwòran lásán kí ẹ tó fi fíìmù ránṣẹ́ síbikíbi. Ẹ jókòó, ẹ wo irú fíìmù tí wọ́n ń yàn, ẹ wo bí àwọn olùdarí ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Ẹni tí kò bá tíì jókòó nínú gbọ̀ngàn náà rí, inú òkùnkùn ló ti ń ta ọfà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fíìmù kékeré lè ṣe. Olùdarí kan, Akinola Davies Jr., ṣe ọ̀kan tó pè ní Lizard, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ní 2021, ó gba ẹ̀bùn àgbà fún fíìmù kékeré ní àjọ̀dún Sundance, l'Amẹ́ríkà. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Wale Davies, wá jọ ṣiṣẹ́ lórí fíìmù gígùn, My Father's Shadow, ìtàn bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ méjì l'Ékòó lásìkò ìdìbò 1993. Ní 2025, Cannes gbà á sí Un Certain Regard, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀, òun sì ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ inú ètò àṣàyàn gan-an tí Cannes ń ṣe. Àwọn adájọ́ tó ń wo fíìmù àkọ́kọ́ olùdarí tún dárúkọ rẹ̀ sí rere. Láti 2021 dé 2025, ẹ wo ibi tí iṣẹ́ tí kò tó ogún ìṣẹ́jú gbé èèyàn dé. Kò sẹ́ni tó máa fún ọmọ tí wọn ò mọ̀ rí ní owó fíìmù gígùn, ṣùgbọ́n ẹni tí fíìmù kékeré rẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀ fún un, ìlẹ̀kùn á máa ṣí.

Òfin tó so mọ́ ìgbà àkọ́kọ́ náà rèé. Àwọn àjọ̀dún ńlá fẹ́ kó jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn ni ayé ti máa kọ́kọ́ rí fíìmù. Fún ìdíje rẹ̀ tó ga jù, Berlin ń fẹ́ kí fíìmù má tíì hàn níbì kankan, tàbí ó pẹ́ tán, kí ó má tíì jáde kọjá orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é. Cannes ò fẹ́ fíìmù tí àjọ̀dún mìíràn ti fi hàn, kò sì fẹ́ èyí tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn àjọ̀dún àárín lè ní kó jẹ́ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tàbí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ àwọn kékeré ò bìkítà. Nítorí náà, bí ẹ bá fi fíìmù tuntun han àjọ̀dún kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tí kò ní oníròyìn, tí kò ní olùrà, ilẹ̀kùn àwọn àjọ̀dún ńlá ti tipa bẹ́ẹ̀ sé mọ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ èèyàn mẹ́tàdínlógún péré ló wò ó.

Ọ̀rọ̀ YouTube nìyí o. Mo mọ̀ pé YouTube ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí, n ò ní bẹnu àtẹ́ lù ú láé. Onífíìmù tó ń fi í sanwó ilé, tó ń fi í sanwó àwọn òṣèré rẹ̀, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ pinnu kí ẹ tó gbé kámẹ́rà: fíìmù wo ni ti YouTube, fíìmù wo ni ti àjọ̀dún? Èyí tó bá jẹ́ ti àjọ̀dún, ẹ fún un ní ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ kó fi rìn. Bí ìrìn náà bá parí, YouTube á ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó sì ní ohun tí ẹ máa kọ sára pósítà rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e sí YouTube lóru ọjọ́ tó parí ẹ̀dítìn, torí inú rẹ̀ ń dùn, kò lè yí i padà mọ́. Ohun tí ẹ lè ṣe láìséwu ni pé kí ẹ gbé e sórí Vimeo pẹ̀lú password, kí ẹ fi link ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò nìkan. Ìyẹn kì í ṣe ìfihàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá pe àwọn òṣèré àti ẹbí jọ sí pálọ̀, tí ẹ ò polówó, tí ẹ ò gbowó. Ṣùgbọ́n ẹ ka òfin àjọ̀dún kọ̀ọ̀kan, torí ohun tí ibì kan gbà, ibòmíràn lè má gbà á.

Báwo lẹ ṣe máa yan ibi tó yẹ? Ẹ jẹ́ ká mú fíìmù kan lò. Ká ní ọ̀kan nínú yín lọ sí Bùnú, ó ya àwọn ìyá àgbà tó mọ ìtàn aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn olóyè, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ún àti ohun tó fi jẹ́ pé aṣọ náà ò kú bí olówó rẹ̀ bá kú. Fíìmù ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré lọ kọ orúkọ Cannes. Cannes kọ́ ni ilé fíìmù yẹn. Fíìmù kékeré tó bá ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kò tiẹ̀ wọ ìdíje fíìmù kékeré Cannes. Ilé rẹ̀ ni IDFA ní Amsterdam, tó ti ń gba fíìmù ìtàn gidi láti 1988. Ilé rẹ̀ ni àwọn àjọ̀dún tó ń fi fíìmù àṣà àti ìgbé ayé ènìyàn hàn, irú èyí tí Royal Anthropological Institute ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, àwọn tó máa jókòó wò ó ni àwọn tó ti ń wá irú aṣọ yẹn kiri nínú ìwé àti nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀kan nínú wọn lè ní kí ẹ wá fi í han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun, kí ó sì sanwó fún un. Mama Nike Òkúndayé, ọmọ Ògìdì tiwa níbí, gbé aṣọ aláró àti àdìrẹ kúrò ní abúlé, ó gbé e dé àwọn ibi ìpàtẹ ńlá lágbàáyé, torí ó mọ àwọn tí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń jẹ lọ́kàn. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ la nílò.

Nítorí náà, ẹ tò wọ́n. Ẹ kọ àjọ̀dún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbà yín, ayọ̀ yín á kún, ẹ fi wọ́n sókè. Ẹ kọ mẹ́fà tó yẹ fíìmù náà gan-an sí àárín. Ẹ kọ àwọn tó wà nítòsí, tó rọrùn láti dé, sí ìsàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí òkè, ẹ ní sùúrù títí wọn á fi dáhùn, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ má fi fíìmù ṣe bí ẹni ń fọ́n àgbàdo sóko tí wọn ò tíì ro.

Owó ńkọ́? Ibi tí ọ̀pọ̀ àjọ̀dún ti ń gba fíìmù ni FilmFreeway lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Withoutabox tí àwọn àgbà wa ń lò tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé ní 2019. Ẹni tó bá tètè fi ránṣẹ́ ló ń san owó kékeré. Bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́ ìparí ni owó ń gùn sí i. Nítorí náà, ìwà kí á máa dúró di ọjọ́ ìkẹyìn, owó ló ń jẹ wá. Dọ́là sì ni, ẹ mọ ohun tí dọ́là jẹ́ lónìí. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó fíìmù sọ́tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ ti àjọ̀dún: owó ìforúkọsílẹ̀, subtitle (ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán), ẹ̀dà tí sinimá lè lò, owó ọkọ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ lè bẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ àjọ̀dún máa ń dárí owó náà ji onífíìmù láti Áfíríkà bó bá kọ̀wé dáadáa. Gbólóhùn mẹ́rin ti tó. Ẹ sọ orúkọ yín àti ibi tí ẹ ti wá. Ẹ sọ ohun tí fíìmù náà dá lé. Ẹ dárúkọ fíìmù kan tí àjọ̀dún náà fi hàn lọ́dún tó kọjá, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ mọ wọn. Ẹ wá béèrè tààrà bóyá wọ́n lè fo owó náà dá fún yín. Ẹ má sunkún, ẹ má ròyìn ìyà Nàìjíríà fún wọn. Ẹ kọ ọ́ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ayédèrú. Ó ń bí mi nínú bí wọ́n ṣe ń jẹ owó àwọn ọmọ wa. Wọ́n á ní àjọ̀dún lórúkọ ìlú ńlá kan, wọ́n á máa fúnni ní ẹ̀bùn lóṣooṣù, gbogbo ẹni tó bá san owó ló máa gba àmì ewé ẹ̀yẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pósítà, ife náà gan-an ẹ máa tún fowó rà á. Kò sí gbọ̀ngàn, kò sí òǹwòran, kò sí ẹni tó jókòó rí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: ilé sinimá wo ni wọ́n lò lọ́dún tó kọjá? Fíìmù wo ni wọ́n fi hàn? Ẹ kọ̀wé sí olùdarí kan tí fíìmù rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ bi í bó ṣe rí. Bí ẹ ò bá rí àwòrán èèyàn tó jókòó sórí àga níwájú àwòrán ńlá, ẹ gbé owó yín padà sápò.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣa fíìmù, torí mo ti bá wọn jókòó níbẹ̀. Ẹni kan ni, pẹ̀lú laptop àti gbohùngbohùn etí, alẹ́ ti lẹ́, fíìmù tó kù níwájú rẹ̀ ṣì pọ̀. Ó tẹ ti yín. Àmì ilé-iṣẹ́ yín yọ, ó ń yí, iná ń kọ mànà. Àmì ilé-iṣẹ́ kejì yọ. Ọpẹ́ fún Ọlọ́run, ọpẹ́ fún ọba, ọpẹ́ fún alága ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni drone fò lórí ibi tí odò Ọya àti Benue ti pàdé ní Lọ́kọ́ja, pẹ̀lú orin tó ń dún gan-an. Ibẹ̀ rẹwà, ọkàn mi ń fò bí mo bá ń rí i. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ, ẹni náà ò tíì rí ojú ènìyàn kankan, kò tíì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó ti na ọwọ́ sí fíìmù tó kàn. Ẹ fi àwọn ọpẹ́ sí ìparí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀: obìnrin kan tó ń ti ilẹ̀kùn, ọmọ kan tó gbé nǹkan pamọ́ sábẹ́ ẹní.

Ẹ ṣọ́ gígùn fíìmù pẹ̀lú. Àwọn tó ń ṣètò Oscar sọ pé fíìmù kékeré kò gbọdọ̀ ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Berlin ní kó má ju ọgbọ̀n lọ fún tiwọn. Fíìmù tó jẹ́ ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ò kékeré, kò sì tóbi. Àwọn tó ń tò ètò ò ní mọ ibi tí wọ́n máa fi í sí. Bí ẹ bá lè gé e di méjìlélógún, ẹ gé e. Ohùn fíìmù sì ṣe pàtàkì ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Òǹwòran lè fara da àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ tó, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá gbọ́ ohun tí òṣèré ń sọ, wọ́n ti lọ.

Èyí mú mi dé orí èdè, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Àwọn kan nínú yín bi mí kí n tó gun orí pèpéle pé ṣé kí àwọn máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe fíìmù kí òyìnbó lè gbọ́. Rárá o. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fíìmù Lionheart. Genevieve Nnaji gbé e lọ sí àjọ̀dún Toronto, ní Kánádà, ní 2018, Netflix sì ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ní 2019, Nàìjíríà fi í ránṣẹ́ sí Oscar, sí ẹ̀ka fíìmù ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, torí Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òfin ẹ̀ka náà ni pé ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì ọ̀rọ̀ inú fíìmù lọ tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí òfin yẹn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Owé, tí ẹ ń sọ Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, ohun tí ẹ rò pé ó ń há yín mọ́ lè jẹ́ ohun tó máa gbé yín wọlé. Ẹ má yí ohùn màmá yín padà di Yorùbá Ìbàdàn torí sinimá. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé.

Àmọ́ èdè wa nílò subtitle tó péye. Bí mo bá ní kí ẹ ṣe nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, èyí ni. Bí subtitle bá ti parí, ẹ lọ wá aládùúgbò kan tó jẹ́ Ebira tàbí Igala, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, tí kò sì mọ ìtàn fíìmù náà. Wọ́n pọ̀ yí wa ká, a ò tún wá wọn jìnnà. Ẹ rẹ ohùn fíìmù náà sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má wo fíìmù, ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ibi tó bá ti mú fóònù rẹ̀, ẹ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ẹ̀yin rẹ́rìn-ín tí òun ò rẹ́rìn-ín, ẹ kọ ọ́. Ibi tí ojú rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, tó ń kà, nígbà tí òṣèré ti ṣe ohun tó yẹ kó rí lókè, ẹ kọ ìyẹn pẹ̀lú, torí ọ̀rọ̀ yín ti gùn jù níbẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti tú gbogbo òwe. Ẹ mú ohun tí òwe náà ń ṣe nínú ìjà yẹn, ẹ kọ ọ́ ní kúkurú. Bí aládùúgbò yín bá parí rẹ̀ tó sì bi yín pé kí ló dé tí ọmọbìnrin náà ò fi padà sílé, fíìmù yín ti ṣetán láti wọkọ̀ òfuurufú.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ti gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn kan tó sọ fíìmù yín, kì í ṣe ìtàn gígùn. Ẹ ní àwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó mọ́ kedere láti inú fíìmù, trailer, pósítà, ìtàn kúkúrú nípa ara yín. Ọ̀pọ̀ onífíìmù ló ń gbàgbé láti ya àwòrán níbi tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù, wọ́n á wá máa gé e láti inú fídíò, á wá rí bí ìgbà tí kùrukùru bo ojú. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa ya àwòrán lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́. Kí gbogbo òṣèré fọwọ́ sí ìwé. Ìyá àgbà tó kọrin fún yín ní Bùnú, ẹ fún un lówó rẹ̀, ẹ ka ìwé náà fún un ní èdè tó gbọ́, kó tẹ ìka sí i. Orin tí ẹ gbọ́ lórí rédíò, ẹ má fi í sínú fíìmù láìgba àṣẹ. Òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ-ara-ẹni wa, Copyright Act, ti di tuntun láti 2023, kò sì sí àjọ̀dún gidi tàbí olùrà gidi tí kò ní béèrè pé ta ló ni orin yìí.

Bí wọ́n bá wá gbà yín, ẹ lọ. Bí ó bá ṣeé ṣe rárá, ẹ lọ fúnra yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè san owó ilé ìgbé. Ọ̀pọ̀ ń san án fún olùdarí, ẹni tí kò bá béèrè ni kì í rí i gbà. Ẹ tètè débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ fíìmù yín wò nínú gbọ̀ngàn kí òǹwòran tó wọlé, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìjókòó ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo fíìmù àwọn ẹlòmíràn. Ohun tó ń dùn mí jù ni ká rí onífíìmù tó wá fún ti ara rẹ̀ nìkan, tó ya fọ́tò lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ẹ bá wo fíìmù rẹ̀, tí ẹ sì lọ bá lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ sọ ohun kan pàtó tó wọ̀ yín lára nínú rẹ̀, kò ní gbàgbé yín. Ó lè jẹ́ òun ni yóò gbé kámẹ́rà fún yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ìbádọ́rẹ̀ẹ́ báyìí ló ń di iṣẹ́.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ dáhùn ìbéèrè, ẹ má ṣe àlàyé fíìmù náà. Wọ́n ti wò ó. Ẹ sọ ohun tí wọn ò rí: bí ẹ ṣe rí ilé yẹn, ìdí tí màmá náà fi kọ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ kan, ohun tí òjò ṣe fún yín. Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn kúrú. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ báyìí, ẹ ti gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn. Ìbéèrè yẹn ni owó wà nínú rẹ̀. Durban ní ọjà fíìmù kan, Durban FilmMart, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, níbi tí àwọn tó ní owó ti ń jókòó gbọ́ fíìmù tí wọn ò tíì ṣe. Berlin ní ètò kan tó ń jẹ́ Talents, nǹkan bí igba ọ̀dọ́ onífíìmù ni wọ́n ń pè lọ́dọọdún. Àjọ̀dún Rotterdam, nílẹ̀ Netherlands, ní Hubert Bals Fund láti 1988, tó ń fi owó ran àwọn olùdarí láti Áfíríkà, Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́wọ́, àní láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń kọ ìtàn lórí ìwé. Àwọn tó ń rí irú nǹkan yìí gbà ni àwọn tó ti ní ojú ìwé mẹ́wàá fíìmù tó kàn nínú báàgì.

Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá dé ilé, kí ó rẹ̀ yín, kí ó má rẹ̀ yín, ẹ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tí ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Ìlà méjì ti tó. Ẹ rán an létí ohun tí ẹ jọ sọ. Bí ẹ bá fi í di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọn ò ní rántí ojú yín mọ́.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Ẹ̀gbẹ̀ béèrè ìbéèrè ìkẹyìn, mo sì fẹ́ kọ ìdáhùn náà síbí ní kíkún. Ó ní ṣé dandan ni kó jẹ́ Èkó àti Abuja nìkan, ṣé Kàbà ò lè ní àjọ̀dún tirẹ̀? Mo ní ó lè ní in, ó sì yẹ kó ní in, ṣùgbọ́n kí ó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kápẹ́ẹ̀tì pupa àti ife. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní Dìsẹ́ńbà, nígbà tí àwọn ọmọ wa láti Èkó, Abuja àti òkè òkun bá wálé. Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan, projector kan, jẹnẹrétọ̀ méjì torí ọ̀kan lè kọṣẹ́, aṣọ funfun tó tẹ́jú dáadáa, agbọ̀rọ̀sọ tó gbóhùn. Fíìmù mẹ́ta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ti parí ìrìn rẹ̀ níta, kí ìfihàn náà má bàa gba ìgbà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹ rí i pé àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Nàìjíríà ti fọwọ́ sí wọn. Kí olùdarí kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kí ó dáhùn ìbéèrè àwọn ará ilé rẹ̀ ní èdè ilé rẹ̀. Kí ẹ pe ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣa fíìmù fún àjọ̀dún ní Èkó tàbí Abuja, kí ẹ sanwó ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹ fún un ní ibi tó dára láti sùn sí, kí ẹ sì mú un lọ sí Ògìdì àti Bùnú lọ́jọ́ kejì, kó rí ibi tí a ti ń ya fíìmù. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní òun á wá gbọ̀ngàn. Mo ti fún un ní nọ́ńbà mi.